Odò Tí A Mọ̀ Tẹ́lẹ̀ Kọ́ Nìyí: Ìtàn Omi Wíwẹ̀ ní Òkè-Ògùn

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn Odò Ògùn, Ṣakí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan sọ pé Yemọja fẹ́ Ọ̀kẹ̀rẹ̀, ọba Ṣakí. Wọ́n jọ ṣe àdéhùn pé ọkọ kò gbọdọ̀ fi ọyàn ìyàwó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ láé. Ní ọjọ́ tí ọba mu ẹmu yó, ó yẹ àdéhùn náà. Inú bí Yemọja, ó sá kúrò nílé. Bó ti ń sá lọ ló ṣubú, ìkòkò tó gbé dání fọ́, omi inú rẹ̀ sì di odò tó ń ṣàn lọ sọ́dọ̀ Olókun. Ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ kó lọ, ló bá sọ ara rẹ̀ di òkè, ó sì dí odò náà lọ́nà. Bí odò bá yà sọ́tùn-ún, òkè a yà sọ́tùn-ún. Bó bá yà sósì, òkè náà a yà sósì. Ṣàngó, ọmọ Yemọja, ló wá fi àrá la òkè náà sí méjì kí odò tó ráyè kọjá.

Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí n tó rí i pé ó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, àwọn ènìyàn mọ òkè mìíràn sí iwájú odò yìí kan náà ní Ìkéré, ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Òkè erùpẹ̀ àti òkúta ni. Lọ́tẹ̀ yìí, Ṣàngó kò wá là á. Omi dúró lẹ́yìn òkè náà, ó fẹ̀, ó jìn, ó sì di adágún ńlá. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé bá mi rò nínú àròkọ yìí ni pé nígbà tí odò di adágún, ìgbóná rẹ̀, ìjìnlẹ̀ rẹ̀ àti ewu rẹ̀ yí padà láti ìgbà dé ìgbà nínú ọdún. Àmọ́ ìmọ̀ tí a fi ń kọ́ ọmọ nípa omi wíwẹ̀ kò yí padà. Ìmọ̀ odò àná la fi ń wẹ omi òní.

Odò kí á tó sé e

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Òkè-Ògùn. Koríko pọ̀ níbẹ̀, igi rẹ̀ kò dí bíi ti igbó kìjikìji, òkè àti àpáta sì wà káàkiri. Òjò máa ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, lẹ́yìn èyí ni ẹ̀ẹ̀rùn á gba ilẹ̀. Agbègbè Ṣakí ni Odò Ògùn ti ṣẹ̀. Odò Òfìkì náà ṣẹ̀ nítòsí ibẹ̀, ó sì wá wọ inú Ògùn níkẹyìn. Láti ibẹ̀ ni Ògùn ti ń ṣàn gba ẹ̀bá Ìsẹ́yìn, ó kọjá ní Abẹ́òkúta, ó sì dé ọ̀sà ní Èkó.

Ní ilẹ̀ báyìí, odò a máa ní ojú méjì. Bí òjò bá rọ̀, àpáta kì í mu omi, gbogbo àgbàrá a sì ya wọ odò. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, odò tí ọmọdé ń là kọjá a lè gbé màlúù lọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, odò a fà, yóò ku ìsàn tẹ́ẹ́rẹ́ láàrin iyanrìn àti kòtò omi níhìn-ín lọ́hùn-ún. Nítorí náà ni àwọn arìnrìn-àjò fi máa ń wo ojú ọjọ́ kí wọ́n tó gbéra. Nígbà tí Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tílándì, gba ọ̀nà Ṣakí lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé, oṣù kejìlá ọdún 1825 ló kúrò ní Àgbádárìgì. Oṣù kìíní ọdún 1826 ló dé ọ̀dọ̀ Aláàfin. Ọyẹ́ ló fi rin ìrìn náà.

Ẹni tó bá níláti kọjá nígbà òjò ńkọ́? Iṣẹ́ wà fún àwọn òmùwẹ̀ nìyẹn. Àwọn òyìnbó ajíyìnrere tó rìn ní ilẹ̀ Yorùbá láàrin ọ̀rúndún kọkàndínlógún kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe fi igbá ńlá gbé wọn kọjá odò tó kún. Èrò á di igbá náà mú, tàbí kí wọ́n kó ẹrù sínú rẹ̀, òmùwẹ̀ á sì máa fi ẹsẹ̀ tu omi, yóò ti igbá náà títí dé òdìkejì. Ẹ wo ohun tí èyí kọ́ wa. Ní àtijọ́, omi wíwẹ̀ kì í ṣe eré ọmọdé nìkan. Iṣẹ́ ni, ó sì ní àsìkò. Ẹni tó ń ṣe é mọ ọjọ́ tí odò gbà àti ọjọ́ tí odò kọ̀.

Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí màmá mi, dàgbà sí abúlé kan létí Ògùn. Òfin mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ wa. Èkíní, bí omi bá ti pọ́n, ẹ má wọ̀ ọ́, nítorí òjò ti rọ̀ lókè odò bí kò tilẹ̀ rọ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Èkejì, ibi tí àwọn obìnrin ti ń fọ aṣọ ni kí ẹ ti wẹ̀, ẹ má lọ síwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni omi dára fún ọmọdé, nítorí odò kò jìn, ẹ ó sì rí ilẹ̀ rẹ̀. Òfin ọlọ́gbọ́n ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Odò fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn.

Bí òkè kejì ṣe dé

Láàrin ọdún 1972 sí 1974, ọ̀dá ńlá jà ní apá òkè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Oko gbẹ, màlúù kú, ebi pa ènìyàn. Èyí wà lára ohun tó mú kí ìjọba Nàìjíríà ronú pé kò yẹ kí oúnjẹ wa dá lé òjò nìkan. Ní ọdún 1976, ìjọba ológun ṣe Òfin No. 25, èyí tó dá àwọn àjọ tí yóò máa bójú tó àwọn odò ńlá sílẹ̀. Àjọ Ogun-Oshun wà lára wọn, Abẹ́òkúta sì ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀.

Lábẹ́ àjọ yìí ni wọ́n ti sé odò méjì tó kàn wá. Wọ́n sé Odò Ọ̀yán, tó ń ṣàn wọ inú Ògùn, lókè Abẹ́òkúta. Ààrẹ Shehu Shagari ló ṣí ìsédò náà ní oṣù kẹta ọdún 1983. Láyé ìjọba rẹ̀ náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ìsédò Ìkéré, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ikere Gorge. Ìsédò yìí lè gba omi tó tó mílíọ̀nù 690 kúbíìkì mítà. Ètò tí wọ́n ṣe ni pé yóò bomi rin hẹ́kítà ilẹ̀ 12,000, yóò fún àwọn ìlú ní omi mímu, yóò sì mú iná mànàmáná wá.

Ìjọba yí padà ní ìparí ọdún 1983, iṣẹ́ náà sì falẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí àwọn àgbẹ̀ ń retí omi oko, tí àwọn ará ìlú sì ń retí iná. Omi ní tirẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó kún àfonífojì, ó bo igi, ó bo ọ̀nà oko, ó sì kan ẹ̀bá Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn apẹja gbé ọkọ̀ àti àwọ̀n wá. Àwọn ọmọdé náà wá, nítorí ibi tí omi bá wà, ọmọdé yóò wẹ̀. Nínú gbogbo ètò ńlá tí a ṣe nípa oko, iná àti omi ẹ̀rọ, èmi kò gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ tó fẹ́ wẹ omi wà.

Oṣù kìíní tí mi ò lè gbàgbé

Mo wà ní ìwé kẹfà nígbà tí mo lọ lo ìsinmi ọdún tuntun lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo wa ti ya. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi lọ sí etí adágún omi tí wọ́n sé. Kí a tó lọ, mo béèrè pé, "Ìyá àgbà, ṣé a lè wẹ̀?" Wọ́n ní, "Ẹ lọ, ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀rùn la wà."

Ní etí omi, ó lọ́wọ́ọ́wọ́, kò ju orúnkún mi lọ. Mo ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀. Ó dé ìtan, ó dé ìdí. Lójijì, ilẹ̀ pòórá lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Omi tó kàn mí lẹ́sẹ̀ nísàlẹ̀ tutù ju èyí tó wà ní àyà mi lọ fíìfíì. Mo ta ẹsẹ̀, nǹkan kan tó le bí igi sì họ mí ní itan. Ọkùnrin apẹja kan tó ń tún àwọ̀n ṣe nínú ọkọ̀ rẹ̀ ló na àjẹ̀ sí mi. Mo dì í mú, ó fà mí wá sí ibi tí ẹsẹ̀ mi tó ilẹ̀.

Nígbà tí a délé tí a ròyìn, ìyá àgbà kò nà wá. Wọ́n jókòó, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ pé, "Odò tí mo mọ̀ kọ́ nìyẹn." Gbólóhùn yẹn ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè nípa omi náà.

Ọdún kan nínú adágún

Ní ilẹ̀ òtútù bíi Gẹ̀ẹ́sì, òtútù omi fúnra rẹ̀ ni olórí ewu. Bí omi bá tutù ju ìwọ̀n 15 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹni tó bá ṣàdéédé bọ́ sínú rẹ̀ lè gbé omi mì kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe. Omi tiwa kì í tutù dé ibẹ̀. Lójú omi, àwọn adágún irú tiwa a máa wà láàrin nǹkan bí ìwọ̀n 24 sí 31. Àmọ́ ìyàtọ̀ kékeré yẹn ń ṣiṣẹ́ ńlá.

Nígbà ọyẹ́, láti oṣù kejìlá dé oṣù kejì, òru a máa tutù, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a sì máa fẹ́ láti apá aṣálẹ̀. Ìgbà yìí ni ojú omi máa ń tutù jù lọ. Omi tó bá tutù ń wúwo, yóò rì sísàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ yóò sì gòkè, omi á wá máa dàpọ̀. Ní òwúrọ̀, omi a máa lọ́wọ́ọ́wọ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, èyí sì ń tan ọmọdé wọ inú rẹ̀. Bó bá jáde, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ a gba gbogbo ooru ara rẹ̀, á máa gbọ̀n. Ẹni tó ń gbọ̀n kò lè lúwẹ̀ẹ́ dáadáa bó bá padà sínú omi.

Láti oṣù kejì dé oṣù kẹrin, oòrùn a máa mú gan-an. Ojú omi a gbóná tó ìwọ̀n 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi gbígbóná fúyẹ́, nítorí náà yóò dúró sókè bí ìgbà tí epo léfòó lórí ọbẹ̀, èyí tó tutù yóò sì wà nísàlẹ̀. Àsìkò yìí kan náà ni adágún ń fà. Etí omi a sún síwájú, a di ẹrẹ̀ rírọ̀, ibi tó jìn a sì wá sún mọ́ ibi tí ọmọdé ń dúró. Kùkùté igi tó wà lábẹ́ omi ní oṣù kẹwàá a lè kù díẹ̀ kó yọrí, ojú kò sì ní rí i. Níbi yìí ni òfin kẹta ìyá àgbà ti di ìdẹkùn. Nínú odò àtijọ́, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń fi ilẹ̀ odò hàn wá. Nínú adágún, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń mú wa dé ibi tí kò sí ilẹ̀.

Bí òjò àkọ́kọ́ bá fẹ́ dé, láàrin oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ìjì a máa jà láti ìlà-oòrùn pẹ̀lú àrá àti mànàmáná. Lórí odò tóóró, ìjì kò rí ààyè. Lórí adágún fífẹ̀, ó rí ààyè sáré, ìgbì a sì dìde láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọkọ̀ kékeré lè dojú dé kí èrò inú rẹ̀ tó yí i padà sí èbúté.

Láti oṣù kẹfà dé ìkẹwàá, àgbàrá a kó erùpẹ̀ wọlé, omi a pọ́n, ẹni tó rì sínú rẹ̀ kò sì ní ṣeé rí. Omi a gun orí koríko etí adágún, koríko náà a sì máa wé mọ́ ẹsẹ̀. Òfin àkọ́kọ́ ìyá àgbà ṣì dúró digbí níhìn-ín.

Ewu tí kò ní ìgbì

Ewu kan wà tí kì í rini sómi. Omi tó ń sáré kì í jẹ́ kí ìgbín kéékèèké inú omi ráyè. Omi tó dúró, tó lọ́wọ́ọ́wọ́, tí koríko wà létí rẹ̀, ni ilé wọn. Nínú irú ìgbín bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò àtọ̀sí ajá ti ń dàgbà. Bí ẹni tó ní àìsàn náà bá tọ̀ sómi, ẹyin kòkòrò náà á pa, ọmọ rẹ̀ á wọ inú ìgbín. Nígbà tó bá jáde, á gba awọ ara ẹni tó ń wẹ̀ wọlé. Ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn bá mú, ni wọ́n ń jáde kúrò nínú ìgbín jù lọ. Ìgbà yẹn náà ni ọmọdé fẹ́ràn láti wẹ̀. Theodor Bilharz, dókítà ará Jámánì, ló rí kòkòrò yìí ní Káírò ní ọdún 1851.

Nígbà tí wọ́n parí ìsédò Akosombo ní Gánà ní ọdún 1965, adágún Volta dé, àìsàn yìí sì tàn kálẹ̀ láàrin àwọn ọmọ tó ń gbé létí rẹ̀. Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Ọ̀yán. Kò pẹ́ lẹ́yìn ọdún 1983 tí àwọn onímọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ ní abúlé etí adágún náà. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni orúkọ rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ọmọ tó ti lo oògùn, tó tún padà sínú omi kan náà, yóò tún kó o. Ó dùn mí pé àwọn ọmọkùnrin kan ń rò pé ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀ jẹ́ àmì pé àwọn ti ń dàgbà. Àìsàn ni.

Kí ni kí á ṣe?

Èmi kò sọ pé kí ìsédò má sí. Omi ni ìyè, Òkè-Ògùn sì nílò rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ibi lọ. N kò sì sọ pé kí ọmọdé má wẹ̀. Ẹni tí kò mọ omi wẹ̀ rárá ni omi yára pa jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni omi pa ní àgbáyé ní ọdún 2021, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ọdún náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 25 oṣù keje sọ́tọ̀ fún ìjà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ rántí pé àárín ìgbà òjò wa ni ọjọ́ náà bọ́ sí.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí adágún máa kọ àkọsílẹ̀ omi wọn sílẹ̀. Ohun èlò ìwọn-ooru kan, okùn kan tí a so òkúta mọ́ àti ìwé àkọsílẹ̀ kan tó. Kí olùkọ́ àti apẹja jọ máa wọn ìgbóná omi àti ìjìnlẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Láàrin ọdún mélòó kan, ìlú yóò ní ìtàn omi tirẹ̀. Èkejì, kí á fi òpó àti okùn pààlà ibi tí ọmọdé lè wẹ̀, kí á sì máa sún un bí omi bá ṣe ń fà tàbí tó ń kún. Ẹ̀kẹta, kí àgbà tó mọ omi wẹ̀ máa kọ́ àwọn ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, bí wọ́n ti kọ́ àwọn òmùwẹ̀ onígbá láyé àtijọ́.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Òwe yìí kò sọ pé kí á má wọ odò. Ó ní kí á kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kan wò ó. Bàbá ńlá wa wo odò wọn títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fi ìmọ̀ náà sílẹ̀ fún ìyá àgbà mi. Odò náà ti yí padà. Ó kù sí wa lọ́wọ́ láti tún un wò.

Ìyá àgbà mi ti fi òfin kẹrin kún mẹ́ta àkọ́kọ́. Ọmọ-ọmọ wọn tó bá fẹ́ lọ sí etí adágún nísinsìnyí, ìgbà òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, wọ́n á kọ́kọ́ bi í pé, "Ta ni àgbà tó bá ọ lọ?"